Ìdérí Dídán àti Ohùn Gìtá

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti ọmọ títọ́ tàbí ti owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbọ́ mi, nítorí pé yóò padà wá kan ilé kí a tó parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gìtá oníná ni, àti ní pàtàkì, ọ̀rọ̀ ìdérí kékeré tí ń bẹ lábẹ́ okùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ní gìtá bẹ́ẹ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ yín ni ó sì ń ta á nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo fẹ́ kí ohun tí ó bá mi kọ́ yín ní ọgbọ́n, kí ẹ̀yin má baà san iye tí èmi san kí n tó kọ́ ọ.

Gìtá ìjọ wa ti pẹ́. Ìdérí irin tí ó bo àwọn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ti bó. Òógùn ọwọ́ ti jẹ ẹ́, ó sì ti ní àwọ̀ ewé bí owó bàbà tí a hú nínú ilẹ̀. Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, ojú tì mí pé kí àwọn àlejò wa rí i bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ọjà, mo rí ìdérí méjì tí ń kọ mànà bí wúrà, owó wọn kò sì pọ̀. Mo rà wọ́n, mo kó wọn fún ẹnì kan tí ń tún rédíò ṣe, ó sì fi òjé jó wọn mọ́ gìtá náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ta á. Mo rò pé ìdérí kò ju ìdérí lọ.

Ní ọjọ́ Ìkórè, gìtá náà dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti kú. Ó ń dún bí ẹni tí ó fi aṣọ di ẹnu tí ó sì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ náà gbé ohùn ẹ̀rọ sókè kí a lè gbọ́ ọ, gìtá náà han gooro tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà fi ọwọ́ di etí. Lẹ́yìn ìsìn, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, mo bá a wí kíkankíkan. Mo ní kò múra sílẹ̀. Mo ní ó fi iṣẹ́ Olúwa ṣeré. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, Bàbá Kátíkíìsì." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta gbáko ni ìjókòó rẹ̀ fi ṣófo.

Kí n tó sọ ohun tí ó tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí èmi kò mọ̀ nígbà náà.

Píkọ́ọ̀pù ni etí gìtá oníná. Òòfà ń bẹ nínú rẹ̀, àti wáyà bàbà tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí a wé yípo ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, ó ń rú agbára òòfà náà, iná mànàmáná díẹ̀ a sì jí nínú wáyà. Ìlànà yìí ni Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1831. Iná díẹ̀ náà ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè ń sọ di ohùn ńlá. Ní Amẹ́ríkà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí ta irú gìtá yìí ní ọdún 1932. Ní Èkó, Àyìndé Bákárè ti fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè nínú orin jùjú ní ọdún 1949.

Ṣùgbọ́n wáyà yìí ní àìlera kan: kì í ṣe okùn gìtá nìkan ni ó ń gbọ́, ó ń gbọ́ kíkùn iná tí ń bẹ nínú ilé pẹ̀lú. Seth Lover, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Gibson ní ìlú Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, wá ojútùú sí i. Ní ọdún 1955 ó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí píkọ́ọ̀pù tí ó ní ìdì wáyà méjì, tí ọ̀kan ń pa kíkùn èkejì rẹ́. A sì fún un ní ìwé náà ní ọdún 1959. Èyí ni à ń pè ní humbucker, irú rẹ̀ ni ó sì wà lára gìtá ìjọ wa. A fi ìdérí irin bò ó, a sì so ìdérí náà mọ́ wáyà ilẹ̀, kí ariwo iná láti ìta má baà wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ kíyèsí ìdí ọ̀rọ̀. Ìdérí náà wà láàárín okùn àti etí. Bí okùn ti ń rú agbára òòfà, bẹ́ẹ̀ ni iná kéékèèké ń yípo nínú irin ìdérí fúnra rẹ̀, àwọn iná wọ̀nyí a sì máa bá ìró jà, pàápàá ìró tí ó ga tí ó sì mú. Bí irin náà bá ti ń jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìró yóò ti kú tó. Nítorí náà ni a fi yan irin tí à ń pè ní fàdákà Jámánì. Kò sí fàdákà nínú rẹ̀ rárá. Bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síǹkì ni a pò pọ̀. Iná kì í fi ìrọ̀rùn kọjá nínú rẹ̀, nítorí náà díẹ̀ ni ó ń mú kúrò nínú ìró. Ṣùgbọ́n idẹ ń jẹ́ kí iná kọjá ní bí ìlọ́po 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi wúrà tàbí króòmù kun àwọn méjèèjì, ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Etí ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo lọ sí ilé ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Bàbá Kátíkíìsì, ọmọ yín kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ Ìkórè." Mo pe ọmọ náà, mo ní, "Ọmọ mi, sọ òtítọ́ fún mi. Kí ni ó ṣe gìtá náà?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìdérí tuntun yẹn ni. N kò fẹ́ já yín níyàn lójú àwọn ènìyàn."

Mo ní kí wọ́n lọ gbé gìtá náà wá, pẹ̀lú àwọn ìdérí àtijọ́ tí atúnrédíò ti dá padà fún mi. Ọmọ náà tú u, ó sì fi ẹnu ọ̀bẹ ha inú ìdérí tuntun níbi tí ojú kì í tó. Lábẹ́ àwọ̀ rẹ̀, idẹ lásán ni. Ó ha ti àtijọ́. Ó funfun délẹ̀délẹ̀. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá a.

A wá ìdérí tí ó tọ́, ọmọ náà sì pààrọ̀ rẹ̀ lójú mi. Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ó kíyèsí nǹkan márùn-ún.

Èkíní, kí ó wọn ihò. Láti àárín súkúrù kìíní dé àárín ìkẹfà lójú píkọ́ọ̀pù, ti òmíràn jẹ́ mìlímítà 49 sí 50, ti òmíràn jẹ́ 52 sí 53. Bí ìwọ̀n kò bá dọ́gba, ìdérí kò ní wọlé.

Èkejì, kí ó mọ irin tí ó ń rà. Kí ó ha inú rẹ̀ díẹ̀: bí ó bá pọ́n bí idẹ, kí ó fi í sílẹ̀. Bí òòfà bá sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, irin lásán ni, yóò fa agbára òòfà píkọ́ọ̀pù mu.

Ẹ̀kẹta, kí ó fi pẹ̀lẹ́ ṣí ti àtijọ́. Ibi méjì ní ẹ̀yìn ni òjé ti dì í mú. Kí ó yọ́ òjé náà kúrò pátápátá kí ó tó fa ìdérí, kí ó má sì ki ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀ jìnnà. Bí wáyà tín-ín-rín nì bá já, píkọ́ọ̀pù ti yadi nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ìdérí tuntun jókòó pinpin, kí àyè má ṣe sí láàárín rẹ̀ àti ohun tí ó bò. Bí àyè bá wà, yóò máa gbọ̀n bí ọmọrí ìkòkò tí ń hó. Èyí ni ó fa híhan tí a gbọ́ ní ọjọ́ Ìkórè. Kí irin tí a fi ń jó òjé gbóná dáadáa, kí ó sì yára kúrò níbẹ̀, nítorí pé èyí tí kò gbóná tó yóò pẹ́ níbẹ̀, ooru yóò sì wọ inú.

Ẹ̀karùn-ún ni ìda. Ìda àbẹ́là tí a pò mọ́ ìda oyin díẹ̀ ni a fi ń dí àyè tí ó bá ṣẹ́kù. Inú ìkòkò tí a gbé sínú omi gbígbóná ni kí a ti yọ́ ọ, kí ooru rẹ̀ má ju bí ìwọ̀n 65 ti Celsius lọ. Ẹ má ṣe gbé e ka orí iná gan-an, nítorí pé ìda a máa gbiná. Àgbàlagbà ni kí ó dúró ti iṣẹ́ yìí.

Bí ìdérí gìtá yín bá jẹ́ ike, bí ti Stratocaster tí ó jáde ní ọdún 1954, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ ti fẹ́, nítorí pé iná kì í kọjá nínú ike. Bí ó bá sì jẹ́ pé humbucker àwọn ọdún àkọ́kọ́ ni ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe tú u. Òjé àtètèkọ́ṣe tí a kò fọwọ́ kàn wà lára iye tí ó tó. Àwọn atagìtá kan wà tí wọn a máa ṣí ìdérí kúrò pátápátá kí ohùn lè mú sí i. Mo bi ọmọ náà bóyá kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, nítorí pé iná ilé ìsìn wa pọ̀, ariwo yóò wọlé.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ibi tí mo ti bá ọmọ náà wí, ibẹ̀ gan-an ni mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú àwọn kan náà tí ó gbọ́ ìbáwí mi. Kò rọrùn fún mi. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé kò yẹ kí àgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà jókòó sí àyè rẹ̀, ó ta gìtá, ohùn rẹ̀ sì já gaara dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, kí a tó bá ọmọ wa wí pé ohùn rẹ̀ kò jáde, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá àwa ni a fi ìdérí tí kò yẹ bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ìdérí aláwọ̀ wúrà méjì nì wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí, wọ́n sì ń dán síbẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́.