Ẹ Sọ Fún Ẹni Tí Ẹ Yá Ní Alùpùpù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a lọ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Orí alùpùpù tí ó yá lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni ó ti ṣubú. Ó ti ń gun alùpùpù tipẹ́. Kí ló wá dé? Wọ́n ti yí jíà rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, a ń tẹ irin jíà sílẹ̀ fún jíà kìíní, a ó sì fi orí ẹsẹ̀ gbé e sókè fún ìyókù. Lórí èyí, òdì kejì ni. Mẹkáníìkì tú apá kékeré tí ń yí jíà, ó kọ ojú rẹ̀ sódì, ó sì dè é padà. Àwọn tí ń fi alùpùpù díje fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá tẹ̀ sí òsì ní kọ́nà, ẹsẹ̀ kì í ráyè wọ abẹ́ irin náà.

Arákùnrin wa wà ní jíà kẹta, ó ń sáré, ó fẹ́ bọ́ sí ìkẹrin. Ó gbé irin sókè. Ìkejì ni ó bọ́ sí. Táyà ẹ̀yìn há lójijì, ó sì yọ̀.

Ẹsẹ̀ kì í bi orí léèrè kí ó tó tẹ jíà. Àwa tí ń ṣiṣẹ́ rélùwéè mọ̀ pé bí a bá yí ojú irin padà, a ní láti fi àmì han awakọ̀. Ẹni tó yí jíà, kí ó sọ. Ẹni tó yá alùpùpù, kí ó béèrè, kí ó sì kọ́kọ́ dán an wò níbi títẹ́jú.

Arákùnrin wa, a kí ọ kú ewu. Ọlọ́run yóò so egungun náà pọ̀.