Ìbọn Kan, Òfin Àádọ́ta: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Wa Tírélà l'Amẹ́ríkà



Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ kan tó kan ọ̀pọ̀ ìdílé nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ló ti ń ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni mí ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà. Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kò kéré mọ́. Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ náà sì máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra ìbọn sínú ọkọ̀?" Bákan náà ni àwọn ìyá wa máa ń tẹ̀ wá láago láti Ìbàdàn àti Òṣogbo, pé àwọn gbọ́ pé ìlú ìbọn ni Amẹ́ríkà, ṣé ọmọ àwọn ní nǹkan tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀ lóru?

Èsì tèmi rèé: ìbọn tí ọmọ yín rà nítorí olè lè bà á láyé jẹ́ kí olè tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ojo ló ń bá mi jà.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní oṣù March 2009, awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Jason Rivenburg, ọmọ ìpínlẹ̀ New York, gbé ẹrù lọ sí South Carolina. Ó tètè dé ju àkókò tí wọ́n máa gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kò sì ríbi gbé ọkọ̀ sí. Ó bá lọ dúró sí ilé epo kan tí wọ́n ti pa tì. Ibẹ̀ ni olè ti yìnbọn pa á. Dọ́là 7 péré ni olè náà rí kó lọ. Oyún ìbejì wà nínú ìyàwó rẹ̀ lákòókò náà. Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí tí kò ronú nípa ààbò ara rẹ̀, onítọ̀hún kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní òru.

Èkejì, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ló ń sọ ọ́ káàkiri pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ka ìbọn léèwọ̀ fún awakọ̀ tírélà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tó sọ pé nítorí pé ènìyàn ń wa tírélà, kò gbọdọ̀ gbé ìbọn. Ìwé òfin ilẹ̀ náà ti fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ àtiní ohun ìjà láti ọdún 1791. Ní oṣù June 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún sọ pé ẹ̀tọ́ náà kò mọ sínú ilé nìkan, ó dé ìta pẹ̀lú. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ dírẹ́bà ló ń fa wàhálà. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹnubodè kìíní ni ti ìpínlẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin ìbọn wà. Bó ṣe rí ní Badagry náà ló rí ní Maiduguri. Ẹni tí irú èyí ti mọ́ lára máa rò pé bákan náà ni l'Amẹ́ríkà. Ó tì o! Àádọ́ta ìpínlẹ̀ ni wọ́n, kálukú ló sì ní òfin tirẹ̀. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti tọmọ kó má ní ààlà. Ní Texas níbi tí mo wà, láti September 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò sì dí lọ́nà lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ó ju ìpínlẹ̀ 25 lọ tó ń ṣe irú rẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹ wa ọkọ̀ yẹn dé New Jersey, ìbọn kan náà, lọ́wọ́ ènìyàn kan náà, ti di ẹ̀sùn tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 10. New Jersey kò ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni California àti Maryland.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2013, obìnrin kan láti Philadelphia, ìyá ọlọ́mọ méjì, sọdá sí New Jersey. Ó ní ìwé àṣẹ ìbọn tí Pennsylvania fún un. Nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Ó di ọdún 2015 kí gómìnà tó dárí jì í pátápátá. Ṣé gbogbo wa ni gómìnà máa dárí jì?

Àwọn kan á ní, "Òfin 1986 ń bẹ tó ń dáàbò bo arìnrìn-àjò." Òótọ́ ni, ó ń bẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ó ní ibi tí o ti ń bọ̀ àti ibi tí ò ń lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí òfin ti gbà ọ́ láàyè. Ó ní ìbọn kò gbọdọ̀ ní ọta nínú, ìbọn àti ọta kò sì gbọdọ̀ sí níbi tí ọwọ́ ti lè tó wọn. Bí ọkọ̀ kò bá ní búùtù, inú àpótí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì ni kó wà, kì í ṣe àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe fún dírẹ́bà tí olè ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní agogo méjì òru? Ẹ̀wẹ̀, ibi tí àwa ń wakọ̀ náà là ń sùn. Ní ọdún 2005, arìnrìn-àjò kan láti Utah kò bá ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ní Newark, ó gba àpótí rẹ̀, ó lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó padà dé pápákọ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú un nítorí ìbọn tó wà nínú àpótí náà. Wọ́n padà fagi lé ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí òun pẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ní 2010 pé òfin 1986 kò bò ó, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti tó ìbọn náà lóru ọjọ́ yẹn. Bó bá rí báyìí fún ẹni tó sun òtẹ́ẹ̀lì, báwo ni ti dírẹ́bà tó ń sùn lẹ́yìn àga ìjókòó rẹ̀ ṣe máa rí?

Ẹnubodè kejì ni ti ilé iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba dírẹ́bà ló ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun ìjà kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ àwọn. Èmi náà fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbaṣẹ́. Ìdí wọn kò ju pé bí dírẹ́bà bá yìnbọn lu ènìyàn, àwọn ni ẹjọ́ máa bá, owó adójútòfò á sì gọntíọ. Texas ní òfin láti 2011 pé ọ̀gá kò lè sọ pé kí òṣìṣẹ́ má fi ìbọn sínú ọkọ̀ ara rẹ̀ tó tì pa síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò kan ọkọ̀ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Ẹni tó sì ni tírélà ara rẹ̀ náà ṣì máa bá èèwọ̀ pàdé nínú àdéhùn tó fọwọ́ sí, tàbí lẹ́nu ọ̀nà ibi tó ti fẹ́ já ẹrù. Àwọn tó ń gbé lẹ́tà fún ilé ìfìwéránṣẹ́ ńkọ́? Òfin àpapọ̀ ka ìbọn léèwọ̀ nínú ilé ìjọba àpapọ̀. Ní January 2024, adájọ́ kan ní Florida sọ pé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ awakọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó gbé ìbọn wọlé ní Tampa. Adájọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹ má fi ìdájọ́ rẹ̀ ṣe ìbora lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ẹnubodè kẹta ló burú jù fún àwa àjòjì. Ẹni tó bá wà l'Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, tàbí tí kò níwèé ìgbélùú rárá, òfin àpapọ̀ kò gbà á láàyè láti ní ìbọn lọ́wọ́, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ bíi ti ẹni tó ní físà tó sì gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè ra ìbọn. Àmọ́ bí kóòtù bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pé ó gbé ìbọn lọ́nà tó lòdì sófin, ìyẹn nìkan tó kí wọ́n fi lé e kúrò ní ìlú. Kì bá à ti lo ogún ọdún níbẹ̀, kì bá à bímọ síbẹ̀, kì bá à rà ilé síbẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bá mú ní New Jersey máa ṣẹ̀wọ̀n, á sì padà sílé. Ọmọ tiwa lè ṣẹ̀wọ̀n tán, kó tún bá ara rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà láìní ohunkóhun lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, "Ó sàn kí n wà lẹ́wọ̀n ju kí n wà nínú sàréè lọ." Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ onílùú, tó ni ọkọ̀ ara rẹ̀, tí kì í sì í kọjá àwọn ìpínlẹ̀ tí òfin wọn dọ́gba, ó lè ṣe bó ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Dallas lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n á ní ká wà ní Newark lọ́jọ́bọ̀, ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Ẹ jẹ́ ká padà wo ikú Rivenburg. Àìríbi dúró ló gbé e dé ilé epo àpatì yẹn. Òfin ní dírẹ́bà kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ láàárín wákàtí 14, lẹ́yìn náà kó sinmi wákàtí 10. Láti December 2017 sì ni ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí náà ti di dandan nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ wa. Ibi tí aago bá bá ọ, ibẹ̀ lo máa sùn. Ní ọdún 2012 wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n fi orúkọ Jason sọrí, pé kí ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ ibi tí tírélà lè sùn mọ́jú. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2020, dírẹ́bà 98 nínú 100 ló sọ pé àwọn máa ń ní ìṣòro àtirí ibi ààbò gbé ọkọ̀ sí. Arùn náà nìyẹn, olóòtú! Ilé iṣẹ́ tó bá ní kí dírẹ́bà má gbé ìbọn, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ibi tó máa sùn láìfòyà. Ẹni tó sì ni ẹrù tó fẹ́ gbà láàárọ̀, kí ló dé tí kò lè ṣí géètì kí dírẹ́bà sùn sínú ọgbà lóru?

Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ wa ti mọ ibi tí wọ́n máa sùn kí wọ́n tó tan ọkọ̀ láàárọ̀. Kí wọ́n sá fún ilé epo àpatì. Kí wọ́n má sọ ẹrù tí wọ́n gbé fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi bẹ́líìtì ọkọ̀ so ilẹ̀kùn pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sùn. Mo sì rọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá níhìn-ín pé kí wọ́n pe lọ́yà kan wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó wá la òfin yìí yé àwọn dírẹ́bà wa. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tó o ṣe.

Ẹ̀yin ìyá wa nílé, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ bá tún tẹ̀ wá láago, ẹ bi wá pé, "Níbo lo máa sùn lálẹ́ òní?" Ìbéèrè yẹn ló lè gba ọmọ yín là.





Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn,
Texas, Amẹ́ríkà.