Ọ́ìlì Bíréèkì Kì í Ṣe Ohun Àtiránwọ́

Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, a ó gbọ́ pé, “Bíréèkì kò mú mọ́,” àwọn mìíràn a sì ní iṣẹ́ ayé ni. Àwa kò fara mọ́ èyí. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí a kọ DOT 3 sí lára, bí ó bá jẹ́ titun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 ti Celsius. Ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti tó 3.7 nínú 100, ó lè hó ní 140. Ẹni tí ó ń tẹ bíréèkì léraléra bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹfọ̀n Aláayè, kí ó ṣọ́ra. Oru ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí ọ́ìlì bá di oru nínú páìpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ a rì lásán.

Nítorí náà, bíbu ọ́ìlì kún un nìkan kò tó. Kí mọkáníìkì fa ògbólógbòó jáde lẹ́sẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì rọ titun láti inú agolo tí a kò ṣí rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní kí a máa ṣe é ní ọdún méjì-méjì. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé. Owó agolo kan kò tó owó pósí.