Ẹ̀ṣẹ́ Pọ́ọ́kú, Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ́n

Àwọn àgbà ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, èyí tí wọ́n ń pè ní NHL, kì í ṣe ìlú aláìlófin. Ìwé òfin rẹ̀ nípọn dáadáa. Iye tí wọ́n ń dá lé ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ni ó ń kọ ènìyàn lóminú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, oṣù Kárùn-ún, ọdún 2021, ikọ̀ Washington Capitals lọ wàákò pẹ̀lú ikọ̀ New York Rangers ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden. Níbẹ̀ ni Tom Wilson ti Capitals ti fi ẹ̀ṣẹ́ lu Pavel Buchnevich níbi tí ó dojú bolẹ̀ sí lórí yìnyín. Artemi Panarin, ìràwọ̀ ikọ̀ Rangers, gbá a mú láti ẹ̀yìn. Wilson gbé òun náà ṣánlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni akoto kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Panarin kò tún gbá họ́kì títí sáà náà fi parí.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ka tí ó ń rí sí ààbò àwọn eléré bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé Wilson. Nítorí ẹ̀ṣẹ́ tí ó lu Buchnevich ni. Ti Panarin kò ní ìtanràn tirẹ̀. Mílíọ̀nù 31 dọ́là fún ọdún mẹ́fà ni Wilson tọwọ́ bọ̀wé fún ní ọdún 2018. Ẹni tí ó bá sọ pé 5,000 dọ́là yóò ta irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lára, ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Inú bí àwọn aláṣẹ Rangers, wọ́n sì gbé ìwé síta pé George Parros, olórí ẹ̀ka náà, kò yẹ ní ipò tí ó wà. Kí ni líìgì ṣe? Ó bu 250,000 dọ́là lé Rangers nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ.

Ìlọ́po àádọ́ta. Ẹni tí ó lu ènìyàn san ẹyọ kan, àwọn tí ó ní ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ kò tó san àádọ́ta.

Ó tọ́ kí etí gbọ́ tẹnu líìgì náà pẹ̀lú. Wọ́n ní 5,000 dọ́là ni òpin ohun tí àdéhùn àárín àwọn oníkọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn eléré fàyè gbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà fún wọn láṣẹ láti dá eléré dúró, owó ìdíje tí kò bá sì gbá yóò fò ó dá. Ní oṣù Kẹta ọdún náà gan-an, ìdíje méje ni wọ́n fi dá Wilson yìí dúró nítorí bí ó ṣe kọlu Brandon Carlo ti ikọ̀ Boston. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò gbé e sókè ni. Parros fúnra rẹ̀ jẹ́ oníjà lórí yìnyín kí ó tó di adájọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè sọ pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ẹ̀sùn yẹn kéré sí ọ̀ràn. Bí wọ́n bá fi áńgẹ́lì sípò náà, ìwé òfin kan náà ni yóò bá níbẹ̀.

Ohun tí ìwé náà sọ nípa ìjà yóò ya ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́nu. Eléré méjì a ju ọ̀pá àti ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, wọn a máa lu ara wọn, àwọn rẹfirí a dúró títí ọ̀kan yóò fi ṣubú. Lẹ́yìn náà, wọn a lọ jókòó síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn a sì padà wọlé. Omi ẹ̀bà lè má tíì hó láàárín ìgbà yẹn.

Àwọn alátìlẹ́yìn àṣà yìí ní ìbẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ ni ó ń mú kí ọwọ́ ìkà rọ̀: ohun tí rẹfirí kò bá rí, ọmọ ikọ̀ yóò rí i. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2004, Steve Moore ti Colorado Avalanche kọlu Markus Naslund, balógun ikọ̀ Vancouver Canucks. Rẹfirí kò fọn fèrè, líìgì kò sì jẹ ẹ́ níyà. Ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta, Todd Bertuzzi ti Canucks tọ Moore lẹ́yìn kiri pápá, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lórí láti ẹ̀yìn, ó sì wó lé e mọ́ yìnyín. Egungun mẹ́ta ni ó sán ní ọrùn Moore. Bertuzzi gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi. Ọdún kan lábẹ́ ìṣọ́ àti 80 wákàtí iṣẹ́ ìlú ni adájọ́ fún un.

Ní New York náà, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ti Panarin ni ikọ̀ méjèèjì tún pàdé. Wọn kò dá Wilson dúró, nítorí náà ó wà níbẹ̀. Bí fèrè ti dún ni ìsọ̀rí mẹ́ta wọ̀yá ìjà, ìjà sì ti di mẹ́fà kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Buchnevich, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ lù, ni líìgì dá dúró fún ìdíje kan, nítorí pé ó fi ọ̀pá gbá Anthony Mantha.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí ó bá lu eléré tí ó ti ṣubú kò ní san owó, yóò jókòó sílé, kí wọ́n sì kọ iye ìdíje tí ó kéré jù sí i. Ẹgbẹ́ àwọn eléré ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè fún un, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni ẹni tí wọ́n lù náà. Bertuzzi padà sórí yìnyín ní ọdún 2005, ó sì gbá a nínú líìgì náà títí di ọdún 2014. Moore, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 25 ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò tún gbá ìdíje kankan mọ́.