Àlejò tàbí Ọmọ Ilé?

Àwọn kan a máa wí pé òfò ni owó tí ìjọba ná sí àjọ̀dún FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977. Owó náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Gilberto Gil, olórin ará Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl, ọmọ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Nígbà tí ó rí àwọn ilé tí a kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún náà, èyí tí í ṣe Festac Town ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lónìí, wọ́n jọ àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún tálákà ní ilẹ̀ tirẹ̀ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìlù nìkan ni ó bá a sọ̀rọ̀. Ilé pàápàá sọ̀rọ̀. Lọ́dún náà gan-an ni ó gbé àwo orin Refavela jáde. Ta ni yóò wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àlejò?