Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ọmọ Ogun Òkèèrè Kò Lè Bá Wa Ṣe Iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Agbègbè

Ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2026 ni àjọ INEC fi ìdìbò sí àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Abuja sí. Láti ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2025 tí Amẹ́ríkà ti ju àdó olóró sí ibùba àwọn agbésùnmọ̀mí ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn kan nínú wa: òyìnbó ti bá wa dá sí i, kí ni a tún fẹ́ bi olùdíje kánsílọ̀ léèrè nípa ààbò? Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, ó sì léwu.

Ẹ kọ́kọ́ wo Ọ̀fà. Àfọ́kù ohun ìjà tí wọ́n jù sí Sókótó já bọ́ sí ìlú Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò sí ẹ̀mí tó bá a lọ, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wà níbẹ̀: bí irú rẹ̀ bá já sí àárín Dei-Dei lóru, ta ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀? Kì í ṣe ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Aládùúgbò ni, panápaná ni, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ìkẹjà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, ibi tí àwọn ológun ń kó àdó olóró pamọ́ sí ní àgọ́ Ìkẹjà gbiná. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iná kò kàn rárá. Wọ́n ń sá lóru, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì rì sínú kánààlì Òkè-Àfà, ọmọdé lọ́pọ̀ yanturu. Lẹ́yìn náà ni Amẹ́ríkà rán àwọn ọmọ ogun tó mọ̀ nípa àdó olóró wá, láti bá wa palẹ̀ àwọn tí kò tíì bú mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a kò sì gbàgbé oore wọn. Àmọ́ ìrànwọ́ yẹn kò lè jí òkú. Ohun tí ìbá gba àwọn ọmọ wọ̀nyẹn là ni kí wọ́n ti kó àdó kúrò láàárín ìlú, kí ẹnìkan sì ti sọ fún ará àdúgbò pé ọ̀nà báyìí ni kí ẹ gbà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wí i tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó. Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò rán nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun lọ sí Liberia nítorí àrùn náà. Nígbà tí wọn yóò fi kọ́ àwọn ibùdó ìtọ́jú wọn tán, àrùn náà ti ń rọlẹ̀, aláìsàn tó sì dé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ilẹ̀ wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń ṣọ́ àwọn ènìyàn tó tó 900 tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kó o. Ènìyàn 20 péré ló kó o, 8 kú, Dókítà Stella Adadevoh sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìmúrasílẹ̀ ti ilé ló ṣẹ́gun.

A kò sọ pé kí a kọ ìrànwọ́. Ẹni tó bá ń rì kì í kọ ọwọ́ tí wọ́n nà sí i. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tó gbójú lógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ọkọ̀ òfuurufú ìjà Super Tucano 12 tí wọ́n ń pè ní ìrànwọ́, a rà wọ́n ni, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ti wà lọ́wọ́ wa ní oṣù Keje ọdún 2022 nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, níbí ní Abuja, tí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 800 sì sá lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà pàṣẹ kí ẹbí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Abuja nítorí ìbẹ̀rù ìkọlù. Àwa tí a ń gbé Dei-Dei, ibo ni à bá lọ? Ní Niger tó múlé tì wá, wọ́n ná ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là sí ibùdó Agadez. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 2023, nígbà tí ọdún 2024 sì fi parí, Amẹ́ríkà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àlejò kì í bá onílé ṣọ́ ilé títí ayé.

Ní tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, obìnrin kan jábọ́ lórí ọ̀kadà ní ọjà Dei-Dei, ọkọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ pa. Láti ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníṣòwò. Àwọn ọlọ́pàá kéde pé ènìyàn mẹ́rin kú, dúkìá jóná, ìjọba sì ti ọjà pa. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú ìjà tó lè dènà irú èyí. Ètò ọjà, ètò ibùdókọ̀ àti àwọn àgbà ẹ̀yà gbogbo tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí inú tó bí ẹnikẹ́ni ló lè dènà rẹ̀.

Ọjà, ibùdókọ̀, ojú àgbàrá, ìdọ̀tí kíkó: iṣẹ́ tí òfin ọdún 1999 kọ sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ nìyí. Ẹ má gbàgbé pé Abuja kò ní gómìnà tí a ń dìbò yàn, Ààrẹ ló ń yan Mínísítà. Ìbò ìgbìmọ̀ agbègbè nìkan ni ìbò tí ó so ẹni tí ń ṣe àkóso àdúgbò mọ́ wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ bi gbogbo olùdíje, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kó ti wá: Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ panápaná yóò gbà wọ ìsọ̀ onípákó bí iná bá sọ lóru? Nígbà wo ni wọn yóò la ojú àgbàrá kí òjò tó dé? Ta ni yóò máa pe àwa, Hausa, Igbo àti Gbagyi jókòó pọ̀ lóṣooṣù? Èló ni wọn yóò yà sọ́tọ̀ fún un?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn, tó kàn ń pe orúkọ Amẹ́ríkà, kò tíì ṣe tán láti ṣọ́ wa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ mú káàdì ìdìbò yín jáde, kí ẹ sì fi ojú yín ṣọ́ ìbò yín títí wọn yóò fi kà á tán.