Ẹ Yé Tu Gbúre Dànù

Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu àwọn onílé, láti Ìbàdàn títí dé Ògbómọ̀ṣọ́: tí òjò bá ti lè dáwọ́ dúró lóṣù kọkànlá, ọgbà ẹ̀fọ́ ti parí nìyẹn, àfi fún ẹni tó ní kànga tàbí tó rówó ra omi táńkà. Ó ti wọ̀ wá lára débi pé a ń da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àyíká ilé, a wá ń lọ ra ẹ̀fọ́ tó ti rọ lórí àtẹ ní ọ̀wọ́n gógó. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú la fi ń díwọ̀n gbogbo ẹ̀fọ́. Àwọn wọ̀nyẹn kì í pẹ́ láyé: wọ́n á hù, wọ́n á so, wọ́n á kú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láìbomi rin wọ́n nínú oòrùn oṣù kejì, kí ẹ wo bí orí wọn ṣe máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fi tẹ̀tẹ̀ jọba lórí ẹ̀fọ́ yòókù?

Ẹ wo gbúre ẹ̀yìnkùlé yín, èyí tí ẹ ń fi ọkọ́ tu, tí ẹ ń fín oògùn apakoríko sí. Ẹ ṣẹ́ igi rẹ̀ kan, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: omi ni. Ewé rẹ̀ nípọn, gbòǹgbò rẹ̀ wú, ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí de ọjọ́ ọ̀dá. Àwọn onímọ̀ ní Fẹnẹsúẹ́là tún rí ohun kan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí omi bá wà, ọ̀sán ni gbúre ń ṣí àwọn ihò tíntìntín ara ewé rẹ̀ láti gba afẹ́fẹ́, bí ọ̀pọ̀ ewéko. Tí ọ̀dá bá mú un, á pa wọ́n dé lọ́sàn-án kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ tán, òru tó tutù ni yóò wá máa gba díẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀, á padà sí ìṣe rẹ̀ àtijọ́. Ohun tó mọ omi ṣọ́ ná tó báyìí lẹ ń pè ní èpò!

N ò ní tàn yín o. Ewé rẹ̀ á dín kù lẹ́ẹ̀rùn, á kéré sí i, àwọn kan á tiẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ igi àti gbòǹgbò rẹ̀ ń bẹ láàyè. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, ẹ dà á sí i nídìí, ẹ ó rí ohun já sọ́bẹ̀.

Wọ́n tún ní ẹ̀fọ́ tó bá ti yọ òdòdó ti gbó. Ti ewédú lẹ ń wí. Gbúre lè máa tanná fún ọ̀pọ̀ oṣù: òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́wé márùn-ún, lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní etí mẹ́ta bí ẹ bá fi ìka yí i wò. Ẹ já ọ̀mùnú náà tòun tòdòdó sínú ìkòkò. Ibi tí ẹ ti já a ló máa pẹ̀ka.

“Ó ń yọ̀ jù, ẹ̀fọ́ tálákà ni.” Àwọn ará Kàlàbá ń fi í se edikang ikong, ọbẹ̀ àpọ́nlé ni lọ́dọ̀ wọn. Ní ìpínlẹ̀ Pará ní Bràsíl, cariru ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Ní ti yíyọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá bu omi sọ́bẹ̀ gbúre ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọbẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀sùn kan péré ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: èròjà oxalate pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, kí ẹ da omi náà nù. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ ẹ́.

Gbígbìn rẹ̀ ò gba wàhálà. Ẹ gé igi rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ gbìn ín sínú ilẹ̀ tútù tàbí àpò sìmẹ́ńtì tí ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ sí, kódà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibi tí omi ń dá sí nìkan ni kí ẹ yẹra fún, torí yóò rà. Lóòótọ́, èso rẹ̀ máa ń là, kóró dúdú rẹ̀ a sì hù káàkiri. Tó bá pọ̀ jù fún yín, ẹ gé nínú rẹ̀ fún aládùúgbò, kí ẹ sì ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fín oògùn apakoríko bẹ̀rẹ̀.